Orin Ọkọ Mi Nínú Àwo Orin Rọ́ọ̀kì

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Ìgàndò, oríṣiríṣi ni àwọn èèyàn ìjọ wa sọ. Wọ́n ní abọ́ ni wọ́n máa ní kí n lọ máa fọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní arúgbó tó bá lọ sí ìlú òyìnbó, inú yàrá ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo ojú fèrèsé látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Mo fọ abọ́. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, wọ́n sì san owó mi fún mi. Mo wo ojú fèrèsé náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ pé màá bá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ṣe àwo orin, bẹ́ẹ̀ wòlíì kún inú wọn.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kì í purọ́, n kì í sì í gbàgbé. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ nínú ohun tí mò ń kọ yìí, kó jókòó jẹ́ẹ́.

Hull ni wọ́n ń pe ìlú tí ọmọ mi Akin mú mi wá, ó wà létí omi ní apá àríwá England. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Ìgàndò, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìpè àdúrà ti dún ní mọ́ṣáláṣí, agogo ìjọ wa ti lù, Alájì aránṣọ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí omi tí kò pọn. Àárọ̀ àkọ́kọ́ ní Hull, mo jí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fọwọ́ gbá etí mi wò bóyá ó ti di.

Mo jáde lọ síbùdókọ̀, mo kí àwọn tí mo bá níbẹ̀ káàárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ sún mọ́ ara. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó Akin, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má kí gbogbo èèyàn mọ́ jàre, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ tọrọ nǹkan ni."

Mo ní, "Èmi ni mo fún wọn ní káàárọ̀. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn."

Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ẹyin.

Nígbà tí àwọn ọmọ Akin ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, tí ilé wá ń ṣófo mọ́ mi lórí, mo wá iṣẹ́. Inú kíṣìnì ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn arúgbó náà kò dàgbà tó mi. Ọ̀gá wa níbẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọwọ́ lọ́rọ̀. Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ fún un pé ẹ̀rọ ìfọbọ́ rẹ̀ nílò àtúnṣe, àti pé gbólóhùn tó kọ lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà nílò àtúnṣe jù ú lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe àbúrò mi, Bísí. Ó ń rán sùtánà fún àwọn ọmọ ìjọ ní Ìgàndò, etí rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí ìròyìn.

"Àǹtí mi, kí lẹ jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Búrẹ́dì nìkan? Ẹ máa bọ̀ nílé jàre."

"Ilé wo, Bísí? Èyí tí wọ́n ti ní kí n jókòó sẹ́yìn?"

Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹkún kò wá. Inú kíṣìnì ni mo ń jókòó sí, orin kan sì ń wá sẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀, lónìí ìlà kan, lọ́la òmíràn, títí ó fi pé:

Ìwọ tó mú ọkọ mi lọ,
Má mú ohùn mi lọ.
Ibùsùn mi ti tutù,
Ẹnu mi ò gbọdọ̀ tutù.
Àga rẹ̀ ṣófo nídìí tábìlì,
N ó kọrin títí àga á fi gbọ́.

Mo mú orin náà lọ bá Alàgbà Dúrójayé, olùdarí akọrin ìjọ aláṣọ funfun wa. Mo kọ ọ́ sí i létí lẹ́yìn ìdánrawò, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Ó ní ó dára, kí n fi sílẹ̀ fún òun. Nígbà tó di ọjọ́ ìkórè, láàárín ìsìn, ara Alàgbà gbọ̀n, ó ṣubú lulẹ̀, ó dìde, ó ní áńgẹ́lì ti fún òun lórin. Orin mi ló kọ. Ibì kan ṣoṣo ló yí padà. Níbi tí mo ti ní "ọkọ mi", ó ní "ọ̀tá mi". Ìwọ tó mú ọ̀tá mi lọ.

Ẹni tó bá mọ ìjọ wa á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Ọlọ́run ti mú ọ̀tá lọ, gbogbo ilé dìde. Àwọn tó ń ti Ayọ̀bọ̀ àti Abúlé Ẹ̀gbá wá sọ́dọ̀ wa ń fò sókè. Wọ́n ń fi orin òkú ọkọ mi lé ọ̀tá jáde.

Mo dúró dè é lẹ́yìn ìsìn.

"Alàgbà, orin mi lẹ kọ yẹn."

"Ìyá Akin, ẹ̀mí ni."

"Inú kíṣìnì mi ni mo ti ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ fún yín."

"Ṣé Ọlọ́run lẹ wá fẹ́ bá ṣẹjọ́ báyìí?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Orin tí ẹ̀mí bá mú wá, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹlẹ́rìí. Ẹnu tó bá ti jáde, orúkọ ẹlẹ́nu náà ni wọ́n á máa fi pè é. Tí o bá ní tìrẹ ni, Ẹ̀mí Mímọ́ lo pè ní olè yẹn. Wọ́n pè mí síwájú àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n ní ìgbéraga ìwé ló ń dà mí láàmú. Wọ́n yọ mí kúrò nínú akọrin, wọ́n ní kí n máa jókòó sẹ́yìn. Àwọn obìnrin tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ní ohùn kejì, kò sí ọ̀kan tó la ẹnu. Nígbà tí Akin ní kí n wá bá òun, mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ àwa tó wà lókè òkun bóyá àárò ilé ń sọ wá. Ìbéèrè yẹn kò rọrùn fún mi. Mo mọ òórùn ilẹ̀ Ìgàndò tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí i. Mo mọ ohùn gbogbo ilẹ̀kùn tó wà ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ ibì kan kò ní kí ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní Ìgàndò, gbogbo èèyàn mọ orúkọ mi, wọn ò sì fẹ́ fi sára ohun tí mo ṣe. Ní Hull, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ náà. Nígbà náà, mi ò rí èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nítòsí ilé Akin. Àwọn òyìnbó arúgbó mélòó kan ló ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á kọrin bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọmọ má jí. Èmi ni mo máa ń fọ ife tíì lẹ́yìn ìsìn. Mo wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti gbọ̀ngàn ẹ̀yìn, bí ìgbà tí òkúta bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta. Mo sáré lọ síbẹ̀ láti lọ pa iná ẹ̀rọ náà.

Gìtá ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Danny, tó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe, ló ń ta á. Marcia, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, ló jókòó sídìí ìlù. Àwọn méjì mìíràn wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní Jésù làwọn ń kọrin sí.

Mo ní, "Ṣé etí Jésù di ni?"

Marcia rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá ìlù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n sọ mí di Màmá. Mo ń lọ jókòó tì wọ́n. Mo ń bú wọn, mo sì ń lọ. Wọ́n ti ń kó orin jọ fún àwo orin wọn àkọ́kọ́, wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀ bí tọkọtaya.

Lọ́jọ́ kan, mò ń fọ ife, mo ń kọ orin mi sábẹ́ ọ̀fun. Mi ò mọ̀ pé Marcia ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ta ló ni orin yẹn?"

"Èmi ni mo ni ín."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ gbólóhùn yẹn tí ẹnikẹ́ni kò pè mí ní ọ̀tá Ọlọ́run. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ kọ ọ́ kí Danny gbọ́."

Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni a ti gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí àwọn fèrèsé, wọ́n gbé máìkì síwájú mi. Mo bọ́ bàtà. Danny ní ilẹ̀ tutù, kí n wọ̀ ọ́ padà.

Mo ní, "Mi ò lè wọ bàtà kọrin sí Ọlọ́run. Àwa kì í wọ bàtà wọlé ìsìn."

Bí mo ṣe ń kọrin, mi ò mọ̀ pé mò ń fẹsẹ̀ lulẹ̀. Pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì ń dún. Nígbà tí mo parí, mo tọrọ gáfárà, mo ní ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, n ò ní mira. Danny ní, "Ẹ má tún un kọ o. Ẹsẹ̀ yín yẹn ni ìlù." Wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan àti ẹsẹ̀ mi la bẹ̀rẹ̀ orin náà, lẹ́yìn náà ni gìtá wá já wọlé bí ẹni tó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn ṣí. Mo jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀, mo sì sunkún fún ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró de ẹkún yẹn.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fi díẹ̀ nínú orin náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bísí gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yí i sókè dé ìpẹ̀kun, gbogbo òpópónà gbọ́, Alàgbà Dúrójayé náà gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ Danny. Alàgbà ní òun ni áńgẹ́lì fún ní orin náà níṣojú ìjọ, pé kí wọ́n fi orúkọ òun sí i tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó fi ohùn àwọn akọrin rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ojúlówó.

Danny kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Màmá, mi ò sọ pé ẹ purọ́. Ṣùgbọ́n àwo orin wa àkọ́kọ́ nìyí. Tí ìjọ kan bá ní a jí orin òun, ṣọ́ọ̀ṣì wo ló máa jẹ́ ká wọlé kọrin mọ́? Tí kò bá yanjú kí ọjọ́ Àìkú tó dé, a máa yọ ọ́."

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ní Ìgàndò. Òyìnbó ló ń sọ ọ́ báyìí. Tí wọ́n bá gba orin náà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì, mo mọ̀ pé mi ò tún ní la ẹnu kọ ọ́ mọ́ láyé yìí, ọkọ mi á sì di ọ̀tá títí láé.

Marcia ló ní kí n jókòó. Ó ní, "Ẹ sọ ìtumọ̀ tiwọn fún mi, ìlà kọ̀ọ̀kan." Ó fi ohùn àwọn akọrin Ìgàndò sí i, mo sì ń túmọ̀. Ọlọ́run mú ọ̀tá mi lọ. Ibùsùn mi ti tutù. Àga rẹ̀ ṣófo nídìí tábìlì.

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ọ̀tá yìí, ṣé inú ilé Alàgbà yìí ló ń gbé ni? Ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń jẹun nídìí tábìlì rẹ̀. Irú ọ̀tá wo nìyẹn?"

Danny ní, "Èyí tó fi ṣaya."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Àwa tí a ń lé ọ̀tá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, a ti gbọ́ orúkọ ọ̀tá, a ò wá gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Odindi ìjọ ló ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọ̀tá ń wá nídìí tábìlì.

Ní Sátidé, nígbà tí àwọn akọrin ń dánrawò, Bísí gbé sùtánà tuntun lọ fún wọn. Ó pè mí níbẹ̀, ó sì gbé fóònù fún Alàgbà. Danny àti Marcia jókòó tì mí.

"Ẹ káàsán, Alàgbà."

"Ìyá Akin! Ẹ ṣì wà láyé?"

"Mo wà. Mò ń kọrin."

"Mo gbọ́ ariwo tí ẹ fi orin Ọlọ́run ṣe. Bísí, fi sí sípíkà. Fi sí sípíkà, kí gbogbo akọrin gbọ́ bí ìyá yìí ṣe ń ti ìlú òyìnbó bá Ẹ̀mí Mímọ́ jà."

Bísí fi sí i. Mo gbọ́ bí ilé ṣe ń hó.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Alàgbà. Ìbéèrè ni mo ní. Ọ̀tá yín ni Ọlọ́run mú lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Àwọn akọrin ní àmín.

"Ó lọ tán, ibùsùn yín wá tutù."

"Ìtura ni! Ọ̀tá lọ, ara tù mí. Tísà, ẹ ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó yé mi. Àga tó ṣófo nídìí tábìlì ńkọ́? Àga ta ni?"

Ó wúkọ́.

"Ṣé ọ̀tá yín ló ń bá yín jẹun ni? Ẹ ní ẹ máa kọrin títí àga rẹ̀ á fi gbọ́. Kí lẹ fẹ́ bá àga ọ̀tá sọ, Alàgbà?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "Yéè! Alàgbà, ẹ dá wọn lóhùn o."

"Ẹ̀mí kì í ṣàlàyé!" Ohùn rẹ̀ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ.

"Kì í ṣàlàyé, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í sọ ìsọkúsọ."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ìyá Ṣèyí ni. Opó ni òun náà, ọkọ̀ ló gbá ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòtún. Ó ní, "Ọkọ ni. Ọkọ ló wà nínú orin yẹn. Láti ìgbà tí Bàbá Ṣèyí ti lọ, ọkọ ni mò ń pè é tí mo bá ń kọ ọ́ nílé. Tí mo bá dé ibí ni mo ń pè é ní ọ̀tá."

Obìnrin mìíràn ní, "Èmi náà."

Alàgbà kígbe pé, "Ẹ pa fóònù yẹn!"

Bísí ní, "Fóònù mi ni, sà."

Ìyá Ṣèyí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ mí, kò sọ̀rọ̀. Mi ò gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun ló kó àwọn obìnrin jọ kí wọ́n tó túká, wọ́n sì fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí Danny fúnra wọn pé Ìyá Akin ló ni orin. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Danny gbọ́ ọ, ó bi mí ní orúkọ tí mo fẹ́ kó kọ sára àwo orin náà. Mo sọ èyí tí bàbá mi sọ mí. Kì í ṣe Ìyá Akin, kì í ṣe Màmá, kì í ṣe Tísà. Ó ní kí n pe lẹ́tà rẹ̀ fún òun, mo pè é, mo sì dúró tì í títí ó fi kọ àmì orí rẹ̀ pé.

Àwo orin náà ti jáde. A kò di olówó, a kò di olókìkí. A ń lọ kọrin kiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, èmi àti ẹsẹ̀ lásán mi. Níbi tí wọ́n bá ti gbé máìkì fún mi, mo ti délé nìyẹn; mi ò tún da ara mi láàmú lórí ìbéèrè àárò ilé yẹn mọ́. Akin ní kí n dárí ji Alàgbà, pé ọkàn mi á fúyẹ́. Ọkàn mi fúyẹ́. Alàgbà kò tíì bẹ̀ mí, èmi náà kò sì tíì dárí jì í.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Bísí ní àwọn obìnrin gbé orin náà láàárín ìsìn, wọ́n pe ọkọ ní ọkọ, àwọn opó ìjọ sì dìde dúró. Alàgbà kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó rí i pé gbogbo ilé ti gbà á, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé wọn.

Mo ní, "Ṣé àtẹ́wọ́ rẹ̀ bá orin mu?"

Bísí ní, "Kò bá a mu, Àǹtí mi."

Mo ní, "Kò bá a mu rí."